Fíìmù tó da ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìsì pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì: èèwọ̀ ibẹ̀ dà?

Ìràwọ̀_Alẹ́

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún wo Sunshine, fíìmù tí Danny Boyle ṣe ní 2007. Ìgbà kẹrin nìyẹn, síbẹ̀ mi ò rí oorun sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí irú fíìmù báyìí, èyí tó gbé ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ wọ inú ọkọ̀ ojú sánmà àti róbọ́ọ̀tì.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ọdún 2057 ni ìtàn náà bọ́ sí. Oòrùn ń kú lọ, yìnyín ti bo ayé. Wọ́n wá kó ènìyàn mẹ́jọ sínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Icarus II, pé kí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù ńlá kan sínú oòrùn kó lè tún ràn. Icarus I ti lọ lọ́dún méje ṣáájú, kò padà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò sì di ṣíṣe.

Ẹ rántí Icarus. Daedalus bàbá rẹ̀ ló fi ìyẹ́ àti ìda ṣe apá fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n lè fò kúrò lábẹ́ Ọba Minos ní erékùṣù Crete. Bàbá kìlọ̀ fún ọmọ: má fò wálẹ̀ jù, kí omi òkun má baà mú ìyẹ́ wúwo, má sì fò lọ sókè jù, kí oòrùn má baà yọ́ ìda. Ìkìlọ̀ kejì nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Ọ̀nà àárín ni bàbá ní kó tọ̀.

Ohun tí mo ń rò nìyí. Ìtàn Gíríìsì tó bá dùn dọ́kàn máa ń ní èèwọ̀ kan nínú. Má fò sókè jù. Má bojú wẹ̀yìn. Má ṣí ìkòkò. Fíìmù tó bá kàn yá orúkọ lò, á kọ Icarus sára ọkọ̀, ó parí. Èyí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, á mú èèwọ̀ yẹn, á fi ṣe ẹ̀rọ. Nínú Sunshine, asà ńlá kan tó ń dán bíi wúrà ló dáàbò bo ọkọ̀ náà. Bí asà bá kọjú sí oòrùn dáadáa, wọ́n yè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìpè láti inú Icarus I, wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà lọ síbẹ̀, Trey tó ṣírò ọ̀nà tuntun sì gbàgbé láti yí asà bá a mu. Ìgbàgbé kan péré. Kaneda, ọ̀gá ọkọ̀, jáde lọ tún un ṣe, oòrùn sì jó o pa. Kò sí òrìṣà kankan tó bínú níbẹ̀. Ìṣirò ló ṣì.

Ìran kan tún wà níbẹ̀rẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Searle, dókítà wọn, jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń wo oòrùn, ó ní kí kọ̀ǹpútà jẹ́ kí òun rí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ojú rẹ̀ á bàjẹ́ láìní àtúnṣe, àmọ́ ó lè wo 3.1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn Daedalus ni mo gbọ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà ló fi ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Fíìmù wo lẹ ti rí èèwọ̀ bẹ́ẹ̀?

Bàbá_Fídíò

Ìràwọ̀, o ṣeun, ọmọ mi. O rán mi létí ayé kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà náà, èyí tí àwọn ọmọdé ń yá jù lọ́wọ́ mi ni Jason and the Argonauts, ti ọdún 1963. Tórí Talos ni.

Òmìrán onídẹ ni Talos. Nínú ìtàn àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń yí erékùṣù Crete ká, tí á máa ju àpáta lu ọkọ̀ tó bá fẹ́ gúnlẹ̀. Iṣan kan ṣoṣo ló ní, láti ọrùn títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ìṣó idẹ ni wọ́n sì fi dí i. Ẹni bá yọ ìṣó yẹn ti pa á. Ẹ sọ fún mi, kí ló kù ká tó pe èyí ní róbọ́ọ̀tì? Wọ́n rán an níṣẹ́, kì í rẹ̀ ẹ́, omi kan ń ṣàn nínú rẹ̀ bí epo, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń pa á bí ẹni pa iná. Kò tíì sí mọ́tò láyé nígbà tí wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí.

Èèwọ̀ tí o ń béèrè náà wà nínú fíìmù yẹn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Jason àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ pé oúnjẹ àti omi nìkan ni kí wọ́n mú ní erékùṣù náà. Hercules, ọ̀kan nínú wọn, wọ ilé ìṣúra, ó rí abẹ́rẹ́ ńlá kan tó gùn tó ọ̀kọ̀, ó gbé e. Wọ́n jáde síta, ère idẹ tó kúnlẹ̀ lókè bá yí orí. Ó rọra yí i, irin ń han. Àwọn ọmọ tó bá ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi á dákẹ́ wẹ́lo. Ray Harryhausen ló ṣe é: ère kékeré ni, ó ń sún un díẹ̀díẹ̀, ó ń ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjà àwọn egungun òkú méje ní ìparí fíìmù yẹn kan náà gbà á ju oṣù mẹ́rin lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló sì fi ń kọjá lójú wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Hercules ti 1983, tí Luigi Cozzi darí, Lou Ferrigno ni Hercules. Orí òṣùpá ni Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìsì, àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé níbẹ̀! Daedalus di obìnrin, òun ló ń fún Minos ní ẹran ẹhànnà onírin tí wọ́n á rán sí Hercules. Àwọn tó gbọ́n sí fíìmù ò ka èyí kún, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Wọn ò lówó púpọ̀, àmọ́ ojú wọn ò tì láti ní ọba kan fẹ́ fi ẹ̀rọ bá àwọn òrìṣà jà.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti dàgbà, èdè Faransé la fi ń wo káàtúùnù. Kì í ṣe fíìmù sinimá ni tèmi o, orí tẹlifíṣọ̀n ni: Ulysse 31, apá 26, àwọn Faransé àti Jàpáànì ló jọ ṣe é ní 1981.

Ulysse yìí ni Odysseus, akọni Gíríìsì tó ń wá ọ̀nà ilé lójú òkun lẹ́yìn ogun Troy, wọ́n kàn gbé e lọ sí ọ̀rúndún kọkànlélọ́gbọ̀n ni. Ó pa Cyclops, òmìrán olójú kan, kí ó lè gba ọmọ rẹ̀ Télémaque àti àwọn ọmọ mìíràn là. Inú bí àwọn òrìṣà Olympus: gbogbo àwọn tó bá a rìn di dídì, wọ́n léfòó bí òkú inú ọkọ̀, ọ̀nà ilé sì parẹ́ kúrò nínú Shyrka, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọn. Afi kó rí ìjọba Hades, ọba àwọn òkú, kó tó lè padà sílé. Mo kéré nígbà náà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn ènìyàn tó léfòó yẹn. Apá kan wà tí Ulysse pàdé Odysseus ti ayé àtijọ́ fúnra rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi ń sunkún.

Olùkọ́_Físíìsì

Ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ dára, àmọ́ mo ní àròyé méjì lórí Sunshine.

Èkíní: bọ́ǹbù yẹn. Wọ́n ní ó wúwo tó erékùṣù Manhattan. Oòrùn wúwo ju ayé wa yìí lọ ní ìlọ́po bí 330,000. Bí ẹni fi ìṣáná sí òkun ni. Mo mọ̀ pé Brian Cox, onímọ̀ físíìsì, gbà wọ́n nímọ̀ràn, ó sì hàn nínú bí àwọn òṣèré ṣe ń ronú, tí wọ́n ń jiyàn bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Mo lè fojú fo bọ́ǹbù.

Èkejì ni mi ò lè fojú fò. Ní ìdá kẹta ìparí, Pinbacker, ọ̀gá Icarus I tó ti jóná tán, yọ sí wọn nínú ọkọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ pa wọ́n kiri. Fíìmù tó ti ń fi igun asà àti èémí tó kù dẹ́rù bà mí, ó wá fi apànìyàn rọ́pò rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni èèwọ̀ rẹ ti sọnù.

Ìràwọ̀_Alẹ́

Bàbá_Fídíò, ẹ kú ìrántí o, ẹ ṣé gan-an. Mi ò tíì wo Hercules yẹn, màá wá a.

Olùkọ́, mo gbà pé kámẹ́rà ń gbọ̀n jù ní apá yẹn. Ṣùgbọ́n wo ẹni tí Pinbacker jẹ́. Òun ni Icarus tí kò jábọ́. Ó sún mọ́ oòrùn ju bó ti yẹ lọ, ó dúró síbẹ̀ ọdún méje, awọ ara rẹ̀ ti lọ, ó wá ní Ọlọ́run ń bá òun sọ̀rọ̀, pé kí ọmọ aráyé kú ni ìfẹ́ Rẹ̀. Àwọn ará Gíríìsì ò sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn ká ní ìda rẹ̀ ò yọ́. Fíìmù yìí ló gbìyànjú rẹ̀. Searle tó ń tọrọ ìdá 4 níbẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ló wà.

Olùkọ́_Físíìsì

Mi ò ronú nípa Searle báyẹn rí. Mo ṣì kórìíra ọ̀bẹ yẹn, àmọ́ màá tún un wò.

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ọwọ́ ń yún mi láti kọ tèmi.

Alex Garland tó kọ Sunshine náà ló kọ Ex Machina, tó sì darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àkọlé yẹn, inú tíátà Gíríìsì ló ti wá. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń gbé òṣèré sókè sórí ìtàgé, òrìṣà ni ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ wá tú ọ̀rọ̀ tó ti lọ́. Látìn ni wọ́n fi ń pè é ní «òrìṣà láti inú ẹ̀rọ». Garland yọ òrìṣà kúrò nínú àkọlé, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Pygmalion ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí nínú rẹ̀, ọkùnrin tó gbẹ́ ère obìnrin, tó nífẹ̀ẹ́ ère, tí Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́, sì fún ère ní ẹ̀mí. Èmi ò rí Pygmalion níbẹ̀. Pandora ni mo rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Hesiod, akéwì Gíríìsì àtijọ́, ló kọ ìtàn rẹ̀. Prometheus jí iná fún ọmọ ènìyàn, Zeus bínú, ó ní kí Hephaestus alágbẹ̀dẹ po erùpẹ̀ mọ́ omi kó fi mọ obìnrin. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan fún un ní nǹkan: Athena kọ́ ọ ní aṣọ híhun, Aphrodite fún un ní ẹwà, Hermes fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn sí i lẹ́nu. Wọ́n wá gbé e lọ fún Epimetheus, àbúrò Prometheus, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kìlọ̀ fún pé kó má gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ Zeus. Ìkòkò ńlá ni Pandora ṣí. Kì í ṣe àpótí. Erasmus, ọ̀mọ̀wé kan, ló túmọ̀ rẹ̀ sí àpótí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ibi tú jáde, ìrètí nìkan ló ṣẹ́kù sínú ìkòkò.

Ẹ wá wo Ava, róbọ́ọ̀tì obìnrin inú Ex Machina. Nathan, ọ̀gá Caleb, ṣe é fún Caleb bí wọ́n ṣe ṣe Pandora fún Epimetheus. Ojú rẹ̀ pàápàá, ohun tí Caleb máa ń wò ní ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀bùn ni, ìdẹkùn sì ni. Èèwọ̀ tí Ìràwọ̀ ń wí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi lé Caleb lọ́wọ́: káàdì kan tí á ṣí àwọn ilẹ̀kùn kan, tí kò ní ṣí àwọn mìíràn. Caleb fúnra rẹ̀ ló wá yí ètò àwọn ilẹ̀kùn padà kí wọ́n lè ṣí. Ava jáde lọ, ó fi Caleb sílẹ̀ nínú yàrá, Caleb ń fi àga lu ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń retí pé obìnrin yìí á bá òun lọ ló ṣẹ́kù sínú ìkòkò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo bínú sí Ava. Nígbà tí mo tún un wò, mo rí i pé kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ Pandora náà bóyá ó fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá_Fídíò

Àdùkẹ́, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Fi èyí kún un: nínú Iliad, ewì Homer lórí ogun Troy, ìwé kejìdínlógún, Hephaestus yìí kan náà ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin tó fi wúrà ṣe, wọ́n ní ọgbọ́n, ohùn àti agbára, wọ́n sì ń dì í mú bó ti ń tiro lọ. Ava ti pẹ́.

Ọmọ_Kétu

Ẹnì kankan ò tíì sọ nípa Prometheus ti Ridley Scott, 2012. Ọkọ̀ ń jẹ́ Prometheus, Weyland tó lówó rẹ̀ tún dúró sọ ìtàn náà fún wọn. Èmi ò rí ju orúkọ lọ.

Ìràwọ̀_Alẹ́

Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún ọ, arákùnrin mi. Ìran àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló tọ́: ẹ̀dá funfun ńlá kan dúró létí omi tó ń ya wálẹ̀, ó mu nǹkan dúdú, ara rẹ̀ fọ́ sínú odò, ìyè sì ti inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jìyà kí ènìyàn lè wà nìyẹn. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, èmi náà ò rí Prometheus níbẹ̀ mọ́, mo rí àwọn onímọ̀ tó ń ṣí akoto lórí ilẹ̀ àjèjì.

Olójú_Inú

Mo fẹ́ ta ko Ìràwọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìtàn Gíríìsì ló ní èèwọ̀. Cassandra ńkọ́?

Òrìṣà Apollo fún Cassandra, ọmọ ọba ìlú Troy, ní ojú ìríran. Ó kọ̀ láti fẹ́ Apollo, Apollo sì gégùn-ún fún un pé á máa sọ òótọ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á gbọ́. Ó rí ìparun Troy, ó kígbe, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Kò rú òfin kankan nígbà tó ń kígbe. Ègún ni, kì í ṣe èèwọ̀.

Fíìmù tó gbé e jù ni 12 Monkeys ti Terry Gilliam, 1995. Wọ́n rán Cole láti 2035 padà sẹ́yìn nítorí àrùn tó pa bílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn. Wọ́n ṣì í rán sí 1990. Ó sọ ohun tó ń bọ̀, wọ́n tì í mọ́ ilé àwọn alárùn ọpọlọ. Dókítà Railly tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ wá ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Cassandra fún àwùjọ! Ó mọ ìtàn náà délẹ̀, síbẹ̀ kò gba Cole gbọ́. Ibi tó dùn mí jù nínú fíìmù yẹn nìyẹn.

La Jetée ti Chris Marker, 1962, ni wọ́n gbé e lé. Ìṣẹ́jú 28 péré ni, fọ́tò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohùn kan ń sọ ìtàn. Ẹ wá a wò.

Ọmọ_Awo

Ẹ̀gbọ́n Olójú_Inú sọ òótọ́, Oedipus náà ń bẹ lẹ́yìn Cassandra. Ẹ wo Minority Report, 2002, ti Steven Spielberg. Ní Washington, ọdún 2054, àwọn aríran mẹ́ta dùbúlẹ̀ sínú omi, ọlọ́pàá ń mú apànìyàn kó tó pànìyàn. Ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí Anderton, ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀: á pa ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí. Ó sá. Ibi tó ń sá lọ ló gbé e dé yàrá tí ọkùnrin yẹn wà. Oedipus tó sá kúrò ní Corinth kó má baà pa bàbá rẹ̀ nìyẹn, tó pàdé bàbá rẹ̀ gan-an ní oríta. Ojú tí Oedipus yọ ńkọ́? Anderton náà jẹ́ kí wọ́n yọ ojú òun, kí ẹ̀rọ má baà dá a mọ̀.

Ọlá Rótìmí gbé ìtàn Oedipus wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, wọ́n sì ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Mo fẹ́ràn eré yẹn, àmọ́ ohun kan wà tí mo máa ń bá a jà sí. Ní ìdílé tèmi, bí Ifá bá fọ ibi, a ó béèrè ohun tí a ó fi rúbọ. Nínú ìtàn Oedipus, Delphi, ojúbọ Apollo tí wọ́n ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, sọ ọ̀rọ̀, kò júwe ẹbọ. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí nínú Minority Report ni pé Agatha, ọ̀kan nínú àwọn aríran, yí sí Anderton ó ní ó ṣì lè yàn. Ó sì yàn: kò yìnbọn. Ọkùnrin yẹn ló fa ìbọn náà mọ́ra, ó kú síbẹ̀. Spielberg jẹ́ kí ẹnu Delphi ṣẹ, ó sì gba Anderton sílẹ̀.

Olùkọ́_Físíìsì

Ẹ jẹ́ kí n gbé ìtàn kan kalẹ̀ kí n tó lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ará Samosata ni Lucian, ó ń kọ̀wé ní èdè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn Krístì. Ó kọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan tí ìjì gbé lọ sí òṣùpá. Endymion ni ọba òṣùpá, Phaethon ni ọba oòrùn, wọ́n ń jagun nítorí ta ni á kó ènìyàn lọ tẹ ìràwọ̀ òwúrọ̀ dó. Àwọn ará ayé ìgbà yẹn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ àdàlù yìí.

Àdùkẹ́_Peckham

Mo wo La Jetée lálẹ́ àná. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí gbogbo àwòrán yẹn ṣe dúró sójú kan, obìnrin náà sùn, fọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn, ó wá ṣí ojú, ó ṣẹ́jú. Ibi kan ṣoṣo tí nǹkan ti mira nínú fíìmù náà nìyẹn. Mo di ẹnu mú.

Olójú_Inú, ẹ má bínú, ẹ ní kò sí èèwọ̀ nínú ìtàn tí 12 Monkeys ti jáde. Ẹ wo Orpheus. Ejò bu Eurydice ìyàwó rẹ̀ jẹ, ó wọ ilẹ̀ òkú lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kó máa mú un lọ, àmọ́ kó má bojú wẹ̀yìn títí wọ́n á fi jáde. Ó bojú wẹ̀yìn. Nínú La Jetée, abẹ́ ilẹ̀ Paris ni àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ogun ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti rán ọkùnrin yẹn lọ. Àwọn ènìyàn ọjọ́ iwájú ní kó wá máa bá àwọn gbé. Ó ní rárá, ẹ̀yìn lòun fẹ́ padà sí, ọ̀dọ̀ obìnrin tóun rí ní pápákọ̀ òfurufú Orly nígbà tóun kéré. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Ó ń sáré tọ obìnrin náà lọ, wọ́n yìnbọn pa á níṣojú obìnrin náà.

Olójú_Inú

Àdùkẹ́, mo ti wo fíìmù yẹn bí ìgbà mẹ́wàá. Mo rí Cassandra nínú ọmọ tó bí, mi ò rí Orpheus nínú òun fúnra rẹ̀. Mo ń lọ gbé e sí i báyìí.